Kí Ẹ Tó Ra Alùpùpù Ítálì, Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ẹni Tí Yóò Máa Tún Un Ṣe

Ìbéèrè kan ló bí ọ̀rọ̀ tá a mú wá lónìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Kétu, tó ń fi Boxer ṣiṣẹ́ zémíjàn, ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Ítálì. Ẹ̀gbọ́n yìí rí Ducati àlòkù kan tí ẹni tó ni ín fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú. Ó ní bí àbúrò òun bá lè kó owó èsúsú rẹ̀ kún tòun, àwọn á fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Kútọnu. Àbúrò wá bi wá pé: "Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀yin lẹ máa ń wádìí nǹkan. Ṣé kí n kó owó mi lé e?"

A ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èsì wa rèé, a sì kọ ọ́ síbí torí a mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ro irú rẹ̀. A ní: má tíì sanwó. Kì í ṣe pé alùpùpù náà burú. Ohun tá a rí ni pé ríra nìkan ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń sọ, kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu ba títọ́jú. Ẹ̀rọ tí ẹ ò lè tún ṣe níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ kàn sanwó rẹ̀ ni, kò tíì di tiyín.

Ká má purọ́, kò yà wá lẹ́nu pé ọkàn ọ̀dọ́ fà sí i. Lọ́dún 1926 ni Antonio Cavalieri Ducati àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Bologna. Alùpùpù kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yà ara rédíò ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lọ́dún 1944, wọ́n ju bọ́ǹbù lu ilé-iṣẹ́ wọn ní Borgo Panigale. Lẹ́yìn ogun, lọ́dún 1946, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Cucciolo, ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí wọ́n ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere kí mẹ̀kúnnù lè rí nǹkan gùn lọ síbi iṣẹ́. Àwọn náà ti gbìyànjú kí mẹ̀kúnnù lè rìn, bí àwa ṣe ń ṣe lónìí.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí eré ìje. Lọ́dún 1972, Paul Smart gun Ducati 750 borí ní Imola, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì kàn káàkiri Yúróòpù. Lọ́dún 1994 wọ́n gbé 916 jáde, èyí tí Massimo Tamburini ya àwòrán rẹ̀, títí dòní sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ pé kò tíì sí alùpùpù tó rẹwà tó o. Ní MotoGP, èyí tó ga jù nínú ìdíje alùpùpù, Casey Stoner fi Ducati gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2007, Francesco Bagnaia gbà á ní 2022 àti 2023, Jorge Martín sì gbà á ní 2024. Àwọn ọmọ wa ń wò ó lórí fóònù. Wọ́n ń rí pupa rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí wọn kì í rí nínú fídíò ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó dúró sẹ́yìn ẹni tó ń sáré náà.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ́ńjìnnì náà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí ilẹ̀kùn ni fáàfù rí. Ó máa ń ṣí kí epo àti afẹ́fẹ́ lè wọlé, ó tún máa ń ṣí kí èéfín lè jáde. Nínú Boxer tí gbogbo wa mọ̀, fáàfù méjì péré ló wà. Irin kan ló ń ṣí i, sípíríǹgì ló sì ń dá a padà. Ní Ducati, ẹnjiníà wọn, Fabio Taglioni, mú ètò mìíràn wọ inú alùpùpù eré ìje wọn lọ́dún 1956. Irin kan ń ṣí fáàfù, irin mìíràn ló ń pa á dé, kò dúró de sípíríǹgì. Desmo ni wọ́n ń pe ètò yìí. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lè yí kíákíá láìsí pé fáàfù ń pẹ́ kó tó padà sáyè rẹ̀. Ohun tó fi ń sáré nìyẹn, òun náà ló sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Tí mẹkáníìkì bá fẹ́ ṣètò fáàfù Boxer, àyè méjì ló máa wọ̀n. Nínú Ducati oní-sílíńdà méjì tó ní fáàfù mẹ́jọ, àyè mẹ́rìndínlógún ló máa wọ̀n, torí pé fáàfù kọ̀ọ̀kan ní ti ṣíṣí, ó sì ní ti pípadé. Panigale V4 ní fáàfù mẹ́rìndínlógún, àyè tí wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀ sì jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Bí ọ̀kan ò bá bára mu, wọ́n á yọ irin pẹlẹbẹ kékeré kan, wọ́n á fi òmíràn tó nípọn jù ú tàbí tó fẹ́lẹ́ jù ú rọ́pò rẹ̀. Ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ tá a lè fojú díwọ̀n kọ́ nìyẹn.

Bẹ́líìtì tún wà. Ọ̀pọ̀ Ducati àtijọ́ oní-sílíńdà méjì ló jẹ́ pé bẹ́líìtì rọ́bà méjì ló ń yí ohun tó ń ṣí fáàfù. Ìwé ìtọ́jú wọn ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì, kódà bí alùpùpù náà ò bá kúrò nílé. Bó bá já lórí eré, pisitíìnì á kọlu fáàfù, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí nìyí tí alùpùpù àlòkù tí wọ́n ní "kò tíì rìn púpọ̀" kò fi yẹ kó tètè dùn mọ́ wa nínú. Èyí tó ti dúró sínú gáréèjì fún ọdún mẹ́jọ lè léwu ju èyí tó ń rìn lójoojúmọ́ tí wọ́n sì ń tọ́jú lọ.

Ṣé alùpùpù Ítálì ṣe é gbára lé? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù nìyẹn, òtítọ́ rẹ̀ sì ní apá méjì. Apá kan ni pé orúkọ burúkú tí wọ́n ní nígbà kan kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àwọn tó gun irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 2000 mọ̀ nípa ẹ̀yà tó ń ṣètò iná bátìrì tó máa ń jóná, wọ́n mọ̀ nípa wáyà tí kì í kàn dáadáa, wọ́n sì mọ̀ pé ní gbogbo 10,000 kìlómítà ni wọ́n ní láti ṣí ẹ́ńjìnnì wo fáàfù. Apá kejì ni pé ayé ti yí padà. Láti ọdún 2012 ni Ducati ti wà lábẹ́ Audi, ilé-iṣẹ́ Jámánì. Àyẹ̀wò fáàfù Panigale V4 ti di 24,000 kìlómítà. Fún Multistrada V4 tí wọ́n gbé jáde lópin 2020, wọ́n pa desmo tì, wọ́n padà sórí sípíríǹgì, àyẹ̀wò fáàfù sì di 60,000 kìlómítà. Lọ́dún 2024 wọ́n tún fi ẹ́ńjìnnì V2 tuntun hàn, oní-sípíríǹgì lòun náà. Ilé-iṣẹ́ tó fi desmo lókìkí fún ọ̀pọ̀ ọdún fúnra rẹ̀ ti gbà pé ẹni tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ ò fẹ́ máa ṣí ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà.

Gbogbo alùpùpù Ítálì kò sì rí bákan náà. Moto Guzzi, tí wọ́n ń ṣe ní Mandello del Lario láti ọdún 1921, ní irú àwọn kan tí orí sílíńdà wọn yọ síta lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹni tó bá ní sùúrù àti irinṣẹ́ díẹ̀ lè ṣètò fáàfù wọn fúnra rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé "ti Ítálì kò dáa" kò tíì sọ nǹkan kan. Kó sọ irú èyí tó jẹ́, kó sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kó sì sọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ páàtì náà. Lọ́dún 2022, Ducati ta alùpùpù 61,562 ní gbogbo àgbáyé. Honda ń ta ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ibi tí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí ni páàtì ń pọ̀ sí. Ìdí tí ẹ fi lè rí ṣéènì, kébù àti bíréékì Boxer lọ́jà Kétu nìyẹn, tí ẹ sì lè rí ọmọ iṣẹ́ tó máa dè é ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Táyà ẹ̀yìn Panigale V4 jẹ́ 200/60-17. Ẹ béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta táyà nítòsí yín, kẹ́ ẹ wá gbọ́ èsì rẹ̀.

Kódà ní Yúróòpù, páàtì lè di wàhálà bí ilé-iṣẹ́ bá ń tọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ wo MV Agusta, orúkọ ńlá ní Ítálì. Harley-Davidson ti Amẹ́ríkà rà á lọ́dún 2008, ó sì dá a padà fún ẹbí tó ni ín tẹ́lẹ̀ lọ́dún 2010. Nígbà tó yá, lọ́dún 2022, àwọn KTM ti Austria ra ìpín níbẹ̀. Nígbà tí 2024 fi máa parí, gbèsè ti mu KTM fúnra rẹ̀ débi tó fi sá sábẹ́ ààbò ilé ẹjọ́, kò sì pẹ́ tí ọwọ́ MV Agusta fi tún yí padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó ń dúró de páàtì kan ló ń jìyà. Laverda ti Breganze tilẹ̀ ti dákẹ́. Aprilia rà á lọ́dún 2000, kò sì sẹ́ni tó ń ṣe Laverda tuntun mọ́. Ẹni tó ní ọ̀kan lónìí, ọwọ́ àwọn tó ń kó páàtì àtijọ́ jọ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé e wá sílé. Ìwé tó ń bá àwọn alùpùpù yìí wá ní epo bẹntiróòlù 95 ni kí wọ́n máa lò, torí ẹ́ńjìnnì wọn ń tẹ epo pọ̀ gan-an kó tó gbiná. Ẹni tó ń ta kpayo nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà kò lè sọ iye tí tirẹ̀ jẹ́, kò sì lè búra pé omi tàbí ìdọ̀tí ò sí nínú rẹ̀. Boxer máa ń fara dà á. Ihò tín-ín-rín tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì Ducati kì í fara dà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì náà kí atẹ́gùn eré sísá lè máa tù ú. Ẹ fojú inú wò ó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọnu lọ́sàn-án gangan, tí ooru rẹ̀ ń jó ẹni tó gùn ún nítan. Ẹ fojú inú wò ó lórí ọ̀nà oko ilẹ̀ pupa, níbi tí eruku ti ń wọ gbogbo ihò, tí òkúta sì ń ha abẹ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Panigale V4 tuntun ju 20,000 yúrò lọ ní Yúróòpù. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 13 owó sẹfà. Àlòkù lè wá sílẹ̀ gan-an, ìyẹn ló sì ń tan èèyàn jẹ. Iye tí wọ́n ń tà á ló wálẹ̀. Iye ìtọ́jú rẹ̀ ò wálẹ̀. Ìtọ́jú ńlá kan tí wọ́n ti ń ṣí ẹ́ńjìnnì wo fáàfù lè gba 1,000 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ìyẹn lé ní 655,000 sẹfà. Ẹ̀yin oní-zémíjàn, ẹ fi iye yẹn wé iye tí ẹ ra alùpùpù tó ń bọ́ ìdílé yín. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí àwọn bàbá wa gun Vespa, Ítálì náà ló sì ti wá. Òótọ́ ni. Piaggio ló ṣe é ní Pontedera láti ọdún 1946, àwọn tíṣà àti katikíìsì ìgbà yẹn sì gùn ún dé abúlé. Kí ló dé tó fi pẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ẹ́ńjìnnì Vespa ayé ìgbà yẹn kò ní fáàfù tí ẹnikẹ́ni á máa wọ̀n. Bí táyà bá jò, táyà àpààrọ̀ wà lára rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì, kébù, ìwọ̀nba irinṣẹ́, mẹkáníìkì abẹ́ igi á ti mú un gbéra. Àwọn bàbá wa ra ohun tí àwọn ará ìlú wọn lè tún ṣe. Nítorí náà, Ítálì kọ́ là ń bá jà. Ohun tá à ń béèrè ni bóyá ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ bá ẹ̀rọ tá a fẹ́ gbé wọlé mu.

Ohun tá a fẹ́ sọ fún ẹni tó ṣì fẹ́ rà á ni pé abèèrè kì í ṣìnà. Kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì kan tó ti ṣí irú ẹ́ńjìnnì náà rí, kì í ṣe ẹni tó ní òun á gbìyànjú. Béèrè bóyá ó ní kọ̀ǹpútà tó lè bá alùpùpù náà sọ̀rọ̀, torí láìsí i, ẹ ò ní mọ ohun tó ń dùn ún. Gba ìwé ìtọ́jú tí wọ́n kọ ọjọ́ àti kìlómítà sí. Bí kò bá sí ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ́yìn níbẹ̀, gbà pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti káàdì tí nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ wà lórí rẹ̀. Alùpùpù tó ní kọ́kọ́rọ́ oní-kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti gbéra bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù. Àti pàtàkì jù, má ná gbogbo owó tán sórí ríra. Ní tiwa, bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ ò bá ṣẹ́ kù fún ìtọ́jú, owó rẹ ò tíì tó.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ítálì àti Faransé, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú yín ṣe é. Ẹ ní àǹfààní kan tí àwa ò ní: ẹ súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ pé kí aṣojú ilé-iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì máa gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ di bẹ́líìtì tuntun, fílítà, bíréékì àti irin pẹlẹbẹ fáàfù sínú àpótí kan náà. Ẹ má ṣe fi alùpùpù ránṣẹ́ kẹ́ ẹ wá fi ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà á nílé náà, ẹ sọ òótọ́ fún oníbàárà. Ẹni tẹ́ ẹ bá tàn jẹ lónìí ò ní dákẹ́ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ wa tó kẹ́yìn kan àwọn aláṣẹ àti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, òun ló sì ká wa lára jù. Ọmọ iṣẹ́ wa gbọ́n lọ́wọ́. Ó lè tú Boxer palẹ̀ kó sì tò ó padà lójú oorun. Ṣùgbọ́n alùpùpù ayé ń di ti kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti Ítálì nìkan. Alùpùpù oníná ti ń rìn ní òpópónà Kútọnu àti Lomé. Bí ọmọ tó ń múra ìdánwò CQM lónìí ò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ àyẹ̀wò rí, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé wáyà láti orí dé ìsàlẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ yóò di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ dáwó ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan tí gbogbo wọn á jọ máa lò. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fi olùkọ́ kan kún un. Kì í ṣe nítorí Ducati, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Àbúrò wa ní Kétu, èsì rẹ rèé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ àti Boxer rẹ mọ ara yín. Òun ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá fẹ́ràn Ducati náà, kó rà á, kó máa gùn ún níbi tí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà, kó sì gbé ọ sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ tó o bá lọ kí i. Lọ́jọ́ tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n bá wà ní Kétu, tí páàtì rẹ̀ sì ń wá lásìkò, padà wá bi wá. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ohun tá a fẹ́ fún ọ ni pé kó o fẹsẹ̀ ara rẹ sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe kí ẹṣin dá ọ sílẹ̀ sójú ọ̀nà.